Káfúrà Tí Mo Gbé Wọ Yàrá Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Òórùn

Bí òórùn kan bá wà ní ara rẹ tí o kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, tí o ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tí kò lọ, tí o kì í fẹ́ kí ènìyàn jókòó tì ọ́ mọ́, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti dúró. Mi ò sì jẹ́ ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ láwùjọ. Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí wọn ò tíì lè la ẹnu. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fà á ya. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.

Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Èmi àti Kẹ́hìndé, ọkọ mi, ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Bọ́ládé ní Òṣòdì. Inú ilé kan náà ni Àǹtí Bọ́lá ń gbé, àbúrò ìyá mi, ẹni tó mú mi wá sí Èkó láti Ìkirè. Kẹ́hìndé ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Ìsọlọ̀. Ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó ni mo lóyún, oyún náà sì bà jẹ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Àǹtí Bọ́lá ní kò tó ohun tí à ń gbé lọ sí ọsibítù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníkẹ́míìsì kan, ẹni yẹn ní kí n sùn sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fọ inú mi. Mi ò rí i kó se ohun tó fi ṣiṣẹ́ nínú omi gbígbóná. Mo rí i pé kò sè é, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti bi í.

Láti ìgbà náà ni ìsàlẹ̀ ikùn mi ti ń dùn mí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan ń fà á láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn lẹ́yìn tí oyún bá bà jẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn èyí ni mo rí iṣẹ́. Ilé ìwòsàn kan ni, ní Ọkọ́ta, tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ. Àwa méjì là ń tún ibẹ̀ ṣe, èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́, obìnrin àgbà kan tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Láàbù ni wọ́n fi wá sí, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin. Mo ní láti sọ bí yàrá náà ṣe rí fún yín, torí bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe.

Kò tóbi. Kí o tó wọlé, yàrá kékeré kan wà tí o ti máa bọ́ bàtà àti aṣọ òde, tí o máa wọ aṣọ tiwọn, tí o máa fi fìlà bo irun, tí o sì máa bo imú àti ẹnu. Iná ibẹ̀ kì í tàn gan-an. Àjà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọ́n ti fi asẹ́ ńlá sẹ́ ẹ, ó sì ń fẹ́ láti inú bọ̀ síta, kí eruku má baà bá ilẹ̀kùn wọlé. Fèrèsé kékeré kan wà láàárín láàbù àti yàrá tí dókítà ti ń gba ẹyin lára obìnrin. Dókítà á na ike tí omi wà nínú rẹ̀ gba ojú fèrèsé náà, ọ̀gá láàbù á dà á sínú àwo kékeré, á gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, ìyẹn awò tí wọ́n fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bó bá rí ẹyin, á pè é síta: “Ẹyin kan.” Nọ́ọ̀sì tó wà lódì kejì á kọ ọ́. Á tún dákẹ́. “Ẹyin méjì.” Obìnrin tó ni ín ti sùn lọ fọnfọn. Èmi tí mo wà ní yàrá kékeré pẹ̀lú páálí ìdọ̀tí lọ́wọ́, èmi náà á máa kà á nínú mi.

Orí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, kí òtútù má baà mú ẹyin. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á kó àwọn àwo náà sínú àpótí olóoru. Inkubétọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní àpò bíi dúrọ́ọ̀ kéékèèké, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, páìpù sì ń gbé gáàsì wá fún un láti inú sìlíńdà tó wà níta. Wọn kì í gbé àwo kankan láti ibì kan sí ibòmíràn láìjẹ́ pé ẹni méjì ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ní igun yàrá, àgbá méjì wà tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ẹyin tí wọ́n bá fẹ́ fi pamọ́. Omi kan wà nínú rẹ̀ tó tutù ju yìnyín lọ, bí wọ́n bá ṣí i, á máa rú èéfín bí ìkòkò tó ń hó. Ìyá Tọ́pẹ́ sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, òun sá jáde láìwọ bàtà.

Ọ̀gá láàbù, obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Àràárọ̀ ni Màmá máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á gbé imú sún mọ́ ọrùn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé, dókítà ni o, akọ̀wé ni o. Lọ́fíńdà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, páúdà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìpara tó ń ta sánsán kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Omi tí a fi ń nu ilẹ̀ náà kò ní òórùn kankan, a kì í lo Izal.

Ìyá Tọ́pẹ́ á ní, “Ọkọ tó fẹ́ mi kò gbóòórùn ọrùn mi tó báyìí rí.”

“Ẹ jẹ ọbẹ̀ onírú lánàá,” ni Màmá á wí.

“Ṣé irú náà ti di lọ́fíńdà ni?”

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Màmá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ àpótí olóoru. Ó ní, “Rónkẹ́, ohun tó wà nínú èyí kò ní imú, kò sì ní awọ. Ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́, inú ara rẹ̀ ló ń wọ̀ tààrà. Bí òórùn bá ń da ìwọ láàmú, o lè sá. Òun ò lè sá.”

Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni omi kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ara mi. Ó kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà ó di àwọ̀ bí ewé gbígbẹ, ó sì ń rùn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ bó ṣe ń rùn. Ẹni tó bá ti ṣe mọ̀ ọ́n. Bí Kẹ́hìndé bá sún mọ́ mi, ìrora náà á mú mi títí dé ẹ̀yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Mo sọ fún Àǹtí Bọ́lá níkẹyìn, mo dojú kọ ògiri sọ ọ́.

“Inú rẹ ò mọ́ ni,” ló wí. “Ìdọ̀tí oyún ìjọ́sí ló kù.”

Ó po omi gbígbóná, ó da álọ́ọ̀mù sí i, ó ní kí n jókòó lé ooru rẹ̀ lórí. Ó gbé àgbo sínú ìgò wá, ó korò, ó sì ń lé mi lọ sí ilé ìgbẹ́. Nígbà tí mo ní bóyá kí n lọ rí dókítà, ó ya ojú mọ́ mi. “Kí wọ́n lè yọ ilé ọmọ rẹ? Àbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé àtọ̀sí ló ń ṣe ọ́, kí ọkọ rẹ kà á?” Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mi ò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, síbẹ̀ ojú ń tì mí bí ẹni tó ṣe é.

Ní ilé, mo lè farapamọ́. Ní ibi iṣẹ́, imú Màmá ń dúró dè mí láràárọ̀. Ọrùn ló ń gbóòórùn rẹ̀, mo ń dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ó máa gbóòórùn ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo ń lo páàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó.

Mo ra káfúrà, irú funfun tí a máa ń jù sáàárín aṣọ nínú àpótí. Mo di márùn-ún sínú aṣọ kékeré kan, mo tún dì í sínú náílọ́ọ̀nù pinpin. Bí Màmá bá ti gbóòórùn ọrùn mi tán, tí mo dé yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, mo máa tú náílọ́ọ̀nù náà, máa fi pín-ìnì mú aṣọ kékeré yẹn mọ́ ìlọ́po ṣòkòtò tí wọ́n fún wa, ní ìbàdí. Gbogbo wa bo imú nínú láàbù, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Èrò mi ni pé òórùn dídùn ni wọ́n kọ̀. Káfúrà kì í ṣe lọ́fíńdà, kòkòrò ló ń lé. Àní mo rò pé ó lè tún yàrá náà ṣe. Báyìí ni mo ṣe gọ̀ tó.

Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri láàbù, ó kéré bíi rédíò, òun ló ń gbóòórùn afẹ́fẹ́, tó sì ń kọ nọ́ńbà jáde. Lọ́jọ́ kejì tí mo gbé káfúrà wọlé, nọ́ńbà náà gòkè. Màmá dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ lérán. Wọ́n yẹ gáàsì wò. Wọ́n pààrọ̀ asẹ́ tó wà lájà. Wọ́n lọ bi àwọn ará ilé kejì bóyá wọ́n ń kun ilé. Wọ́n ṣí páálí ìbọ̀wọ́ tuntun, wọ́n gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń nu ilẹ̀ láàárín wọn. Mo mọ̀, mi ò sì mọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe èmi.

Ọlẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ẹyin tó ti bá àtọ̀ pọ̀, ló wà nínú àpótí lọ́sẹ̀ náà tí wọ́n jẹ́ ti obìnrin kan ṣoṣo. Tíṣà ni obìnrin náà, ará Ìjẹ̀bú, ó ti ń wá ọmọ fún ọdún mọ́kànlá. Ó máa ń kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ mí láti ìlú. Nígbà tí wọ́n gba ẹyin lára rẹ̀ tán, ó mú ọwọ́ mi. “Rónkẹ́, ìwọ lo ń wọ ibi tí wọ́n wà. Bá mi kí wọn.” Mo ní, “Màá kí wọn, mà.” Ní ọjọ́ kẹta, méjì nínú mẹ́rin náà ti dúró, wọn ò dàgbà mọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ku ẹyọ kan.

Ìyá Tọ́pẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun tuntun lọ́sẹ̀ náà. Màmá gbóòórùn orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. “Kí lẹ fi pa irun yìí?”

“Òrí lásán ni. Òrí ilé.”

“Òórùn kan wà nínú rẹ̀.”

“Màmá, ọdún mẹ́fà rèé tí ẹ ti ń gbóòórùn mi. Ẹ mọ òórùn mi ju bí ẹ ṣe mọ orúkọ mi lọ.”

Màmá ní kí ó lọ sílé ná, títí wọn yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ kejì, mo fi káfúrà sílẹ̀ nílé. Nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wálẹ̀. Gbogbo ènìyàn wo ara wọn. Ó ti hàn, wọ́n ní, Ìyá Tọ́pẹ́ ni. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, mi ò sọ nǹkan kan.

Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ìtìjú lè sọ ènìyàn dà. Mo ti ń ṣàìsàn, àìsàn náà kò mú mi purọ́. Ìtìjú ló mú mi purọ́.

Ní ọjọ́ kẹta tí Ìyá Tọ́pẹ́ ti lọ sílé, ibà ti mú mi láti àárọ̀, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá nígbà tí Ìyá Tọ́pẹ́ wọlé wá kó bàtà rẹ̀. Ó rí mi. “Ọmọ mi, o ti rù. Ṣé o ń jẹun?” Ó ti gbé bàtà sínú náílọ́ọ̀nù. Mo lọ bá Màmá níbi tó ti ń wo ìwé.

“Màmá, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Káfúrà ni. Èmi ni mo gbé e wọlé. Kì í ṣe Ìyá Tọ́pẹ́, mà.”

Ó fi ìwé sílẹ̀. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. “Rónkẹ́, kí lo fẹ́ fi káfúrà ṣe nínú láàbù?”

“Ara mi ló ń rùn, mà.”

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sún mọ́ mi. Kì í ṣe ọrùn mi ló gbóòórùn lọ́jọ́ náà. Mo dijú. Ó ní, “Ó ti tó ìgbà wo?” Mo sọ fún un. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé iwájú orí mi. “Èyí kì í ṣe ìdọ̀tí. Àìsàn ni. Àwọn obìnrin tó jókòó sí ìta yẹn, púpọ̀ nínú wọn, ibi tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ bíi tìẹ. O ń nu ilẹ̀ wọn, o sì ń tọ ọ̀nà wọn.”

Ó bínú náà. N kò ní sọ pé kò bínú. Ó sọ ọ̀rọ̀ tó gún mi nípa Tíṣà, mo sì yẹ fún un. Ṣùgbọ́n ó kọ̀wé, ó ní kí nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lójú ẹsẹ̀.

A tò sí orí ìlà láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Àwọn obìnrin jókòó ní ìhín àti ọ̀hún mi lórí bẹ́ńṣì, mo sì ń sún sẹ́yìn nítorí òórùn mi, títí mo fi dé ìparí bẹ́ńṣì, tí mo dìde. Ìyá kan ní, “Wá jókòó, kò sí ẹni tó wá síbí nítorí pé ara rẹ̀ dá.” Nígbà tó kàn mí, dókítà béèrè ohun gbogbo, títí kan obìnrin oníkẹ́míìsì. Wọ́n yẹ inú mi wò. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ lápá òsì ti kún fún ọyún, irú èyí tó ń jáde lójú eéwo. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n sì ń fa oògùn sí mi lára.

Àǹtí Bọ́lá dé pẹ̀lú ìgò rẹ̀ lábẹ́ ìborùn. “Má gbà kí wọ́n là ọ́. Gbé èyí mu.” Kẹ́hìndé ló dúró láàárín wa. Dókítà ti ṣàlàyé fún un, pé kí òun náà gba oògùn. Mo ti retí pé ó máa bi mí pé ta ni mo bá sùn. Ó kàn jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, eruku igi ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Èmi lo ń sá fún láti ọjọ́ yìí, àbí?”

“Òórùn mi ni mi ò fẹ́ kí o gbọ́.”

“Mo ti ń gbọ́ ọ. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ojú á tì ọ́.”

Bí àwa méjèèjì ṣe fi ojú títì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nìyẹn. Ó gba ìgò lọ́wọ́ Àǹtí Bọ́lá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé e sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńlá kan tó ti gba owó rẹ̀ sílẹ̀ ni a fi san púpọ̀ nínú owó náà. Wọ́n ṣí inú mi, wọ́n yọ ọ̀nà apá òsì kúrò, kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ilé ọmọ mi wà níbẹ̀. Apá ọ̀tún wà níbẹ̀.

Ẹyọ ọlẹ̀ kan tó kù fún Tíṣà, wọ́n fi sí i nínú, kò dúró. Màmá sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ ọlẹ̀ ló máa ń kú fúnra wọn, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá káfúrà ni. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé kì í ṣe òun náà. Màmá ti sọ fún Tíṣà pé afẹ́fẹ́ láàbù ní àbùkù lọ́sẹ̀ náà, pé ilé ìwòsàn máa tún un ṣe fún un láìgba owó. Kò dárúkọ mi. Nígbà tí mo lè rìn dáadáa, mo lọ bá Tíṣà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fúnra mi. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì òdìkejì. Mo dìde, mo lọ. Ìyá Tọ́pẹ́ ti dárí jì mí ní tirẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kí n gbàgbé. Títí dòní, bí ó bá rí mi, á ní, “Oníkáfúrà.”

Ó ti pé oṣù méje báyìí. Òórùn náà ti lọ. Inú mi kì í dùn mí mọ́, àyàfi bí mo bá gbé ohun wúwo. Mi ò tíì lóyún. Dókítà ní ó ṣeé ṣe, kò ṣèlérí. Bí tìrẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bí omi náà bá yí àwọ̀ padà, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ọ́ tí ibà tẹ̀ lé e, má ṣe jókòó lé ooru álọ́ọ̀mù, má sì wá ohun tí wàá fi bo òórùn. Lọ sí ọsibítù. Òórùn náà ń sọ nǹkan fún ọ ni.

Gbogbo oṣù yìí, òde láàbù nìkan ni mo ń gbá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè mí sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní ọlẹ̀ Tíṣà tún ti wà nínú àpótí olóoru, mẹ́ta. Ìyá Tọ́pẹ́ nìkan kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe mọ́.

“Mo ti bi Tíṣà kí n tó pè ọ́,” ni Màmá wí. “Tirẹ̀ ló wà nínú ibẹ̀.”

“Kí ni wọ́n sọ, mà?”

“Ó ní ṣé ara rẹ ti yá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí o wọlé, ṣùgbọ́n kí n gbóòórùn rẹ dáadáa.”

Mo tú ìborùn mi, mo na ọrùn mi sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.